Àìkú Àrọ̀

Wákàtí kan ni wọ́n fún mi láti sọ̀rọ̀ lórí sísin ẹja inú adágún. Nígbà tí mo dé, akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù yín rọra fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, èyí tó máa wú àwọn ọ̀dọ́ wa lórí ni kí ẹ sọ." Mo ní mo ti gbọ́. Òṣùwọ̀n tí ẹ ń wò lórí tábìlì yẹn, èmi ni mo gbé e wá. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé e kúrò, a máa lò ó.

Ẹ bá mi wo ìyá ẹlẹ́ja tó ra àrọ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde ní kùtùkùtù. Ó kó wọn sínú kẹ́ẹ̀gì ńlá tí wọ́n gé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan kúrò, omi inú rẹ̀ kò sì bo ẹ̀yìn ẹja tán. Ó gbé e sẹ́yìn ọkọ̀, ó di Ìbàdàn. Oòrùn pa wọ́n lójú ọ̀nà, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ dá wọn dúró, ọlọ́pàá náà tún dá wọn dúró. Nígbà tó máa fi sọ ẹrù kalẹ̀ ní Bódìjà, ẹja ṣì ń fi ìrù gbá omi sí oníbàárà lójú. Epìà kò lè dán irú rẹ̀ wò, á ti kú kí ọkọ̀ tó kúrò ní gáréèjì.

Ohun tó fà á kò farasin. Àrọ̀ ní àwọn fọ́nrán pupa lábẹ́ ìdérí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bíi ti ẹja yòókù, èyí tó fi ń mí nínú omi. Ṣùgbọ́n lókè ibẹ̀, nínú agbárí rẹ̀, nǹkan mìíràn tún wà tó yọ ẹ̀ka bí igi kékeré, tí ẹ̀jẹ̀ kún inú rẹ̀. Òun ló fi ń mí atẹ́gùn tí àwa náà ń mí. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí i nínú adágún tó ń yọ ẹnu sókè, tó ń gbé atẹ́gùn mì, tó sì ń padà sísàlẹ̀.

Ẹ̀bùn yìí ló jẹ́ ká lè kó ọgọ́rọ̀ọ̀rún àrọ̀ sójú kan tí ẹja mìíràn kò lè gbé. Ẹ̀bùn yìí kan náà ló ti sọ ọ̀pọ̀ ènìyàn tí mo mọ̀ di onígbèsè. Ẹni tó bá sin adìyẹ nísìnkúsìn, àárọ̀ ọjọ́ kejì ni yóò ka òkú, yóò sì kọ́gbọ́n. Àrọ̀ kì í kú fún ọ. Yóò dúró nínú omi burúkú, yóò máa jẹ ohun tí o bá dà sí i, yóò kọ̀ láti tóbi, ìwọ kò sì ní mọ̀ títí oṣù kẹfà, nígbà tí owó rẹ ti wọ inú ẹja tán. Àìkú àrọ̀ ló ń pa olówó rẹ̀. Ohun tí mo wá sọ nìyẹn.

Èmi gan-an ni ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́. Ọdún kejì tí mo bẹ̀rẹ̀, mo ní adágún kọnkéré méjì lẹ́yìnkùlé, mo da 1,500 ọmọ ẹja sí wọn. Ìgbà tí òórùn omi bá bẹ̀rẹ̀ sí í dé yàrá ni mo máa ń yí i padà, torí owó epo jẹnẹrétọ̀. Nínú 1,500, kò tó 30 tó kú. Mo ń fi yangàn ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ní oṣù kẹfà mo pe àwọn oníbàárà. Obìnrin kan ki ọwọ́ bọ àwọ̀n, ó gbé ẹja kan sókè, ó wò ó, ó wo èmi náà, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ fẹ́ tà á ni, àbí ẹ fẹ́ kí n bá yín tọ́ ọ?" A gbé wọn sórí òṣùwọ̀n: 400 gíráàmù, 350, 420. Mo ti ń retí kílò kan. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn ló yè, gbogbo wọn ló sì jẹun. Èmi nìkan ni kò jẹ nǹkan kan nínú rẹ̀.

Kí ló ṣẹlẹ̀ nínú omi náà? Oúnjẹ àrọ̀ lágbára. Fíìdì tí wọ́n ń lò láti tọ́ ọ dàgbà sábà máa ń ní pròtíìnì tó ju 40 lọ nínú 100. Ẹja kò lè sọ gbogbo rẹ̀ di ẹran. Èyí tí kò bá sọ di ẹran, ara rẹ̀ yóò fọ́ ọ, yóò sì ti ìdọ̀tí rẹ̀ jáde láti ara àwọn fọ́nrán pupa yẹn gẹ́gẹ́ bí amóníà. Ẹ mọ òórùn amóníà, òun ló ń rùn ní ilé ìtọ̀ tí wọn kò fọ̀. Nígbà tí imú rẹ bá fi máa gbọ́ ọ létí adágún, ẹja ti ń wẹ̀ nínú rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan.

Ibí yìí gan-an ni ẹ̀tàn wà. Atẹ́gùn tí àrọ̀ ń gbé mì lókè ń gbà á lọ́wọ́ àìrímí, ṣùgbọ́n kò fọ amóníà kúrò lára rẹ̀. Orí rẹ̀ ń mí, ara rẹ̀ sì wà nínú májèlé. Agbára tó yẹ kó fi sanra ló fi ń bá omi jà. Ọ̀rọ̀ náà tún le sí i níbi tí omi bá ti di àwọ̀ ewé. Bí oòrùn ọ̀sán bá mú, àwọn ewé wínníwínní inú omi yóò jẹ́ kí omi máa ṣe bí omi eérú tí àwọn ìyá wa fi ń se ọṣẹ dúdú, inú irú omi bẹ́ẹ̀ ni amóníà ti ń bu ẹja jẹ jù. Nítorí náà, ẹni tó wo adágún rẹ̀ láàárọ̀ tó sì ní ó dára, kó tún padà wò ó ní aago mẹ́ta ọ̀sán.

Àwọn kòkòrò àìrí kan máa ń sọ amóníà di nǹkan mìíràn tí wọ́n ń pè ní nitrite. Èyí kò ní òórùn rárá. Ó ń wọ inú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á dà bíi kòkó tí wọ́n po, kò sì ní lè gbé afẹ́fẹ́ káàkiri ara mọ́. Ẹ ti rí àwọn ọlọ́sìn tó ń da iyọ̀ sínú adágún, tí ẹ sì rò pé oògùn ìbílẹ̀ ni. Ó ní ìdí. Ọ̀nà kan náà ni iyọ̀ àti nitrite ń gbà wọ ara ẹja, bí iyọ̀ bá pọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, nitrite kò ní rí àyè wọlé. Ṣùgbọ́n iyọ̀ kì í ṣe omi tuntun o. Bí fíìdì bá ṣe ń pọ̀ sí i ni omi gbọ́dọ̀ máa pọ̀ sí i. Ẹni tí kò lówó omi, kó dín ẹja kù.

Àwọn ọ̀dọ́ máa ń bi mí pé nínú kọnkéré, tàpólì àti ilẹ̀ gbígbẹ́, èwo ló dára jù. Ilẹ̀ gbígbẹ́ ń ran ara rẹ̀ lọ́wọ́, ẹrẹ̀ àti àwọn ohun alààyè inú rẹ̀ ń jẹ díẹ̀ nínú ìdọ̀tí náà, ẹja kì í sì í pọ̀ lójú kan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ejò, ẹyẹ, ìkún omi àti olè ń bẹ. Tàpólì ṣeé ká kiri fún ẹni tó ń háyà ilẹ̀. Ibi tí omi wà ni kí ẹ lọ, ìyókù kò le.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣe ìṣirò, torí èyí ni akọ̀wé kò fẹ́. Ẹrù fíìdì ló wúwo jù nínú iṣẹ́ yìí, ó máa ń kó tó 60 sí 70 nínú 100 owó tí ẹ máa ná. Bí omi bá dára, tí ọmọ ẹja sì ní ìran, kílò fíìdì kan sí kílò kan àti díẹ̀ ló ń di kílò ẹja kan. Ẹja 1,000, ká sọ pé kílò kọ̀ọ̀kan, yóò jẹ tó 1,000 sí 1,200 kílò fíìdì. Àpò olówó 15 kílò ni, ìyẹn àpò 67 sí 80. Bí omi bá burú, ẹja yóò máa jẹ, ṣùgbọ́n ó lè tó kílò kan àti ààbọ̀ ó lé kó tó mú kílò ẹran kan wá. Bí ó bá di 1,600 kílò, àpò 107 nìyẹn. Àpò tó lé 27, níbo ló lọ? Ó di amóníà. O fi owó rẹ ra májèlé fún ẹja rẹ. Ẹ lọ bèèrè iye àpò kan lọ́jà lónìí, kí ẹ fi 27 sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ tó sùn lálẹ́ yìí.

Fíìdì tó ń léfòó wọ́n ju èyí tó ń rì lọ, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ó ń jẹ́ kí o rí ẹni tó ń jẹun. Bí ìṣẹ́jú 15 bá kọjá tí wóro ṣì wà lójú omi, ẹja ń bá ọ sọ̀rọ̀. Èyí tó rì, o kò mọ̀ bóyá inú ẹja ló wà tàbí inú ẹrẹ̀. Ẹ má sì ra fíìdì tó ti pẹ́ nínú ilé ìtajà nítorí pé wọ́n dín owó rẹ̀. Fítámì C inú rẹ̀ a ti bàjẹ́, orí ẹja á sì bẹ̀rẹ̀ sí í sán. Ẹni tí orí ẹja rẹ̀ bá ti sán rí mọ̀ pé ọ̀rọ̀ orí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré, àgàgà níwájú wa tí a ń fi ẹja sọmọ lórúkọ pé orí ló fi ń la ibú.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ sórí ìbímọ, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ yìí ti dùn mọ́ mi jù. Ẹ̀yin tí ẹ rò pé ẹ máa kó takọ-tabo sínú adágún kí wọ́n máa bímọ bí ehoro, ẹ dákẹ́ ná. Nínú igbó, nígbà tí òjò bá mú kí odò kún kọjá bèbè rẹ̀, tí omi bo koríko, òru ni abo àrọ̀ ń jáde lọ síbi tí omi kò jìn, yóò yé ẹyin rẹ̀ sára koríko, yóò sì bá tirẹ̀ lọ. Kò ní dúró tọ́mọ. Nínú adágún wa, odò kì í kún. Ẹyin á gbó nínú ikùn rẹ̀, á wú bí ìlù, kò ní yé. Abẹ́rẹ́ ni a fi ń parọ́ fún ara rẹ̀ pé odò ti kún.

Láyé àtijọ́, àrọ̀ mìíràn ni a ń pa, a ó yọ kókó kékeré kan lábẹ́ ọpọlọ rẹ̀, a ó lọ̀ ọ́, a ó pò ó mọ́ omi oníyọ̀, a ó sì gún un sí abo lẹ́yìn. Lónìí, igò oògùn abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń pè ní Ovaprim ló wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ wa, ìdajì mìlílítà fún kílò abo kan. Ìrọ̀lẹ́ ni mo fẹ́ràn láti gún un. Bí omi bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, ní nǹkan bíi wákàtí 10 sí 12, a ó tẹ ikùn rẹ̀ jẹ́jẹ́, ẹyin á sì máa ṣàn sínú abọ́ gbígbẹ. Ẹ gbọ́ mi o, abọ́ gbígbẹ. Omi kò gbọ́dọ̀ kàn án ṣáájú àtọ̀.

Akọ kò rí bẹ́ẹ̀. O lè tẹ ikùn akọ àrọ̀ títí di ọ̀la, kò ní tú àtọ̀ sílẹ̀, torí pé àpò kan tó yọ ìka-ìka ló dínà rẹ̀. Nítorí náà, a máa ń pa á ni, kí a tó yọ kórópọ̀n rẹ̀, kí a gé e, kí a fún un lé ẹyin lórí. Àwọn tó mọwọ́ lè là á, kí wọ́n yọ díẹ̀, kí wọ́n rán an padà. Mo ti gbìyànjú rẹ̀. Akọ tèmi kò dúró de ìránṣọ. Lẹ́yìn náà la ó wá da omi díẹ̀ sí i, a ó fi ìyẹ́ adìyẹ rò ó, torí pé tí omi bá ti kan àtọ̀, kò tó ìṣẹ́jú kan tí agbára rẹ̀ fi ń tán. A ó tẹ́ ẹ sórí àwọ̀n ẹ̀fọn aláwọ̀ ewé nínú omi tó ń ṣàn. Ẹyin yẹn máa ń lẹ̀. Bí ilẹ̀ bá fi máa mọ́ lọ́jọ́ kejì, àwọn ọmọ á ti máa jábọ́ láti inú ihò àwọ̀n bí ìgbà tí wọ́n ń sẹ́ ògì, èèpo á sì kù sókè.

Gíráàmù ẹyin kan máa ń tó 600 sí 700 ẹyin. Abo tó wọn kílò kan lè mú 100 gíráàmù wá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo rí i tí àwọn kan ti ń ṣírò níbẹ̀ yẹn. Ẹ fi kálámù sílẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n ń gbé lórí oúnjẹ tí wọ́n gbé wá láti inú ẹyin. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹnu wọn kéré dé ibi pé ohun alààyè tín-ín-rín ni wọ́n lè mú. Artemia ni a ń lò, edé wínníwínní tí ẹyin rẹ̀ ń wá nínú agolo. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ láti inú adágún oníyọ̀ ńlá ní Utah, ní Amẹ́ríkà, ni. Ẹ wo ayé: ọmọ àrọ̀ tí wọ́n pa ní ẹ̀yìnkùlé ní Ìkòròdú, edé Utah ni àkọ́jẹ rẹ̀.

Bí wọ́n bá ti ń dàgbà, ọ̀tá wọn kì í ṣe ẹyẹ mọ́, ẹ̀gbọ́n wọn ni. Nínú ọmọ ọjọ́ kan náà, àwọn kan á yára ju àwọn yòókù lọ, ṣútà là ń pè wọ́n. Ṣútà á kọ́kọ́ máa gé àbúrò rẹ̀ ní ìrù, tó bá yá, á máa gbé e mì lódindi. Níbí náà, o kò ní rí òkú. O kàn máa ka 5,000 lónìí, ọ̀sẹ̀ méjì sí i o ka 3,200, omi mọ́, kò sí ẹja tó léfòó. Yíyà wọ́n sọ́tọ̀ ní ìwọ̀n-ìwọ̀n ni oògùn rẹ̀, ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ nígbà tí wọ́n kéré. Ẹni tí kò bá fẹ́ ṣe é, kó má pa ẹyin, kó lọ ra ọmọ ẹja tó ti tó ìka.

Tí ẹ bá sì lọ rà á, ẹ bèèrè ìran rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ìpamọ ẹja ló ń fi ẹ̀gbọ́n àti àbúrò bímọ láti ọdún dé ọdún, tí wọn kò ra òbí tuntun. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ á jẹun bí ẹran, á tóbi bí ṣáwá. Ẹ ó tún gbọ́ tí wọ́n ń pariwo "Dutch, Dutch." Ilẹ̀ Áfíríkà yìí ni wọ́n ti gbé àrọ̀ lọ sí Netherlands, àwọn onímọ̀ ní Wageningen ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, ó sì padà wálé pẹ̀lú orúkọ òyìnbó àti owó gọbọi. A mọ irú rẹ̀ láàárín àwọn ọmọ tiwa náà. N kò sọ pé kò dára o. Mo ní ẹ wọn ọmọ rẹ̀ kí ẹ tó gbà á gbọ́.

Iṣẹ́ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Láàárín àwọn ọdún 1950 ni wọ́n ti gbẹ́ adágún ńlá ní Panyam, lórí ilẹ̀ Plateau tó tutù, ẹja kápù ti ilẹ̀ Yúróòpù ni wọ́n sì kó sí i. Kápù kò gba ọkàn àwọn tó ń jẹ ẹja. Àrọ̀ gbà á, nígbà tí abẹ́rẹ́ ìbímọ àti fíìdì tó ń léfòó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ní ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé. Lónìí, kò sí orílẹ̀-èdè tó ń sin àrọ̀ tó Nàìjíríà ní gbogbo Áfíríkà. Síbẹ̀, a ṣì ń ra ẹja inú yìnyín ọkọ̀ òkun lé ọkọ̀ òkun.

Ẹni tó bá fẹ́ rí ibi tí ọgbọ́n ti pọ̀, kó lọ sí Eriwe, lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde. Nígbà tí ọ̀rúndún yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Mabogunje àti àwọn èèyàn rẹ̀, lábẹ́ ètò tí àwọn Ìjẹ̀bú dá sílẹ̀ láti gbógun ti òṣì, kó àwọn alájẹṣẹ́kù jọ sójú kan níbi tí omi wà. Onímọ̀ nípa ìlú àti ilẹ̀ ni Mabogunje, kì í ṣe apẹja, bóyá ìyẹn ló fi rí i. Kálukú ní adágún tirẹ̀, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà kan ni wọ́n ń gbà, omi kan náà ni wọ́n ń bù, oníbàárà kan náà ló ń wá bá wọn. Ẹni tó bá wà láàárín irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ kò lè tan ara rẹ̀ pẹ́. Aládùúgbò rẹ̀ á fa àwọ̀n, ẹja kílò á jáde, tirẹ̀ á sì jẹ́ 400. Àwa tí a dá wà lẹ́yìnkùlé la kò rí ẹni fi wé.

Ọjà náà mọ bí ó ṣe ń lo àìkú àrọ̀. Bí gbogbo yín bá fẹ́ tà lóṣù Kejìlá, oníbàárà á ní òun ń bọ̀ lọ́la. Ọ̀la á di ọ̀túnla. Ẹja kò ní kú, ṣùgbọ́n kò ní gbààwẹ̀. Lójoojúmọ́ tó ń dúró dè é, ó ń jẹ, àti pé bó ti ń tóbi sí i ni oúnjẹ tó ń fi mú kílò kan wá ń pọ̀ sí i. Oníbàárà mọ̀, ìwọ náà mọ̀, iye tó bá dá ló máa dá. Nítorí náà ni mo fi ń sọ fún àwọn obìnrin inú ẹgbẹ́ pé kí wọ́n ní ààrò tiwọn. Ẹja tútù là ń ká. Ọjọ́ tí oníbàárà bá ṣe ti ọwọ́ rẹ̀, ẹ ká a, ẹ fi igi há a lẹ́nu, ẹ yan án. Àrọ̀ tútù bíi kílò mẹ́ta sí mẹ́rin ló ń di kílò gbígbẹ kan, ṣùgbọ́n gbígbẹ kì í jẹ fíìdì.

Ẹnì kan máa béèrè nípa òkè òkun. Àwọn ọmọ wa ní London ń jẹ ẹ́. Ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 2018 ni wọ́n ti dá àrọ̀ Nàìjíríà dúró ní ẹnu ibodè, wọ́n ní ìwé tó máa fi hàn pé ètò àyẹ̀wò ẹja wa bá tiwọn mu kò sí. Àwọn tó ń sin ẹja tó jọ àrọ̀ ní Mississippi wà lára àwọn tó bẹ ìjọba wọn kí òfin náà tó le bẹ́ẹ̀. Èyí tó bá ẹlẹ́ja ibẹ̀ lára mu ni wọ́n ṣe. Tiwa ńkọ́? Ìwé ni wọ́n béèrè.

Mo rí i pé alága ti ń wo aago. Wọ́n sọ fún mi pé adágún ẹgbẹ́ yín wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn yìí, pé ẹja inú rẹ̀ ti pé oṣù mẹ́rin, pé kò sí èyí tó kú. Mo ti gbọ́ "kò sí èyí tó kú" yẹn rí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó wà lórí ìdúró, ẹsẹ̀ yín ti yá tán, ẹ mú àwọ̀n. Ẹ gbá ẹja 30, ẹ má ṣà á, èyí tó bá wọ àwọ̀n ni kí ẹ kó sínú garawa. Ìyálọ́jà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi di ẹsẹ̀ òṣùwọ̀n yìí mú, tábìlì yìí ń mì.